Odì Ọdún Mẹ́rìnlá

Àwọn ará Zongo, àdúgbò àwọn àlejò, ní Tamale, tí Hausa jẹ́ èdè àjọsọ fún, ń pè é ní gàbá. Àwa Yorùbá ń pè é ní odì. Ìjà ní ariwo. Ó ń ya aṣọ, ó ń pe èrò jọ, nítorí náà ó ń rí ẹni là á. Odì kì í pariwo. Ẹni méjì tó ń yan ara wọn lódì lè jọ pọnmi nínú kànga kan, kí wọ́n jọ sin òkú kan, kí wọ́n má sì sọ̀rọ̀ síra wọn títí ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ yóò fi gbéyàwó. A kì í sọ pé odì mú ènìyàn bí ibà ṣe ń mú un. Yíyàn là ń yàn án, a sì ń tún un yàn láràárọ̀.

Ẹni tó mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ yìí jù lọ ni Ayishetu, ọmọ Bàbá Tìjání, tó ń ta wasawasa, oúnjẹ èlùbọ́ iṣu tí a fi ooru sè, lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀. Òun kọ́ ló yan odì. Òun ló ń gbé e kiri.

Bàbá Tìjání kú nígbà òjò ọdún 1952. Mọ̀múdù, àkọ́bí rẹ̀, tó ń ta abọ́ tánganran, wà ní ọjà Yendi lọ́jọ́ náà. Sàlíhù, àbúrò rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, ló wà nílé. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, wọn kò jẹ́ kí òkú pẹ́ nílẹ̀: wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Lọ́jọ́ kejì Mọ̀múdù sọ̀kalẹ̀ nínú lọ́rì, ó bá òkìtì erùpẹ̀ tútù. Nínú ilé wọn, àkọ́bí ló máa ń da omi àkọ́kọ́ sí òkú bàbá lára. Mọ̀múdù kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó sẹ́nu yàrá rẹ̀, ó pe Ayishetu, ó ní kó lọ bi Sàlíhù pé ta ló fún un láṣẹ láti da omi òun.

Yàrá Sàlíhù wà ní òdìkejì agbo ilé, ilé ìdáná ló pín wọn níyà. Sàlíhù kò gbójú sókè lórí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

“Sọ fún un pé Bàbá ló ní ká má dúró dè é.”

Nígbà tí Ayishetu dé ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ó dúró. Ó rò ó pé ọ̀rọ̀ yìí yóò tú ilé ká. Ohun tó wá sọ fún Mọ̀múdù ni pé Ẹ̀gbọ́n Sàlíhù ní kí ẹ má bínú, ojú ọjọ́ ni kò dáa. Mọ̀múdù ní òun kò béèrè ojú ọjọ́. Láti ọjọ́ náà kò bá Sàlíhù sọ̀rọ̀ mọ́.

Báyìí ni Ayishetu ṣe di ẹni tí ń tún ọ̀rọ̀ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Bí Mọ̀múdù bá ní kó sọ fún télọ̀ yẹn pé ẹ̀rọ rẹ̀ ń dí òun létí, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ Sàlíhù ni “ẹ kú iṣẹ́ o.” Bí Sàlíhù bá ní ewúrẹ́ alábọ́ ti jẹ aṣọ oníbàárà òun, Mọ̀múdù á gbọ́ pé àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ mà ń sanra. Ilé rọ̀ wọ̀ọ̀. Lẹ́mọ́mù wàásù pé kò tọ́ kí mùsùlùmí yan arákùnrin rẹ̀ lódì ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Àwọn méjèèjì mi orí pé òótọ́ ni, lórí ìlà ìrun kan náà, ẹnì kan láàrin wọn. Àwọn àgbà kò sì dá sí i. Wọ́n ní ìjà wo ni ẹni tó ń ránṣẹ́ kí ara wọn lójoojúmọ́ ń jà? Orílẹ̀-èdè gba òmìnira, ó yí orúkọ padà. Odì kò yí nǹkan kan padà.

Ọkọ Ayishetu ti kú kó tó padà wá gbé ilé bàbá rẹ̀. Issahaku ará Gurugu wá ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Ayishetu dá a lóhùn pé bí òun bá lọ, ta ni yóò máa bá wọn sọ̀rọ̀? Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ lẹ́yìn ìrun: kí àwọn ẹ̀gbọ́n òun kí ara wọn lẹ́ẹ̀kan péré, láìsí òun láàrin, kí ọ̀kan tó kú.

Ní ọdún 1966, ikùn Sàlíhù wú. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó pe Ayishetu.

“Kò tíì fèsì?”

“Èsì kí ni, Ẹ̀gbọ́n?”

Sàlíhù wá rò fún un. Kí Bàbá tó kú, ó gbọ́ pé odò ti bo ojú ọ̀nà Yendi. Ó ní kí wọ́n má ránṣẹ́ pe Mọ̀múdù, kí wọ́n má sì dúró dè é. Ó ní òkú kan tó ilé yìí. Inú ló bí òun tí òun fi ké ọ̀rọ̀ náà kúrú.

“Mo rò pé á bi mí ìdí rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo fi ń retí.”

Ayishetu sáré lọ sí Kakpagyili, níbi tí Mọ̀múdù pàtẹ abọ́ sí, ó ní kó máa bọ̀ kíákíá. Lójú ọ̀nà ó jẹ́ iṣẹ́ náà tán pátá, kò tún un ṣe.

Mọ̀múdù bi í pé, “Ọjọ́ wo ló rán ọ?”

“Ọjọ́ kejì tí a sin Bàbá.”

Wọ́n rìn dé ilé. Sàlíhù ti kú. Lẹ́mọ́mù ń wo oòrùn, ṣùgbọ́n Sherifatu, ìyàwó òkú, jókòó sórí ìloro, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní wẹ ọkọ òun títí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò fi dé. Mọ̀múdù ló da omi àkọ́kọ́. Wọ́n ní ó bá òkú sọ̀rọ̀ pẹ́ níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó sọ.

Ìbéèrè ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀rọ̀ tí Mọ̀múdù sọ gbẹ̀yìn sí Ayishetu. Láràárọ̀ ni Ayishetu ń gbé wasawasa síwájú ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, láràárọ̀ ni àwọn ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́. Nígbà tó ṣe, Sherifatu ní òun yóò bá a gbé ìkíni lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ayishetu ní, “Má gbé e. Bó o bá dé ilé ìdáná, á wù ọ́ láti tún un ṣe.”