Yẹ̀kínì Fáṣínà àti Píjò Tó Ń Yà Sápá Ọ̀tún

Ẹ sún mọ́bí. Ìtàn tí mo gbé wá lónìí, kò sí ẹranko tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Mọ́tò kan ló wà níbẹ̀ tó lágídí ju ẹranko lọ, àti Yẹ̀kínì ọmọ Fáṣínà tó ni ín.

Atukọ̀ ni Yẹ̀kínì. Orí ọ̀sà ni bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ níṣẹ́. Òun ló ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwa ẹlẹ́ja láti etí omi Láńgbásá lọ sí Èkó. Ìdí ọkọ̀ ló máa ń jókòó sí, àjẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti ọkọ̀ lọ sápá kan, yóò dá àjẹ̀ gun omi díẹ̀, yóò ní kí ẹni tó sanra sún sápá kejì, ọkọ̀ yóò sì máa lọ jẹ́jẹ́. Kò dà wá sómi rí.

Nígbà tí wọ́n wá da ọ̀dà sójú ọ̀nà Ajah, tí tọmọdé tàgbà ń wọ mọ́tò, Yẹ̀kínì ta ọkọ̀, ó ra Píjò àlòkù kan. Ó kọ́ ọ títí ó fi mọ̀ ọ́n wà. Àwa ẹlẹ́ja tẹ̀lé e kúrò lómi, nítorí a ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Àwa nìkan ló sì ní. Bí a bá kúrò lẹ́yìn rẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn: omi ò lérò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò ní oko tí yóò padà sí.

Àmọ́ Píjò yìí lárùn. Bó bá ń lọ tààrà, sítíárín tí Yẹ̀kínì fi ń darí rẹ̀ kì í tọ́. Á dẹ̀gbẹ́ sápá òsì, àfi bíi fìlà ọ̀mùtí, gẹ́gẹ́ bí Sìmbíátù, ọ̀kan nínú àwa ẹlẹ́ja, ṣe máa ń wí. Bí Yẹ̀kínì bá sì ní òun ó mú un tọ́, mọ́tò á yà sọ́tùn-ún, á forí lé oko àgbọn. Táyà iwájú lápá ọ̀tún ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn.

Ṣé ẹ mọ ohun tí Yẹ̀kínì ṣe sí i? Ohun tí atukọ̀ ń ṣe ló ṣe. Ó kó ẹni tó sanra lọ sápá òsì.

"Àǹtí Fàúsátù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn mi níbí lẹ máa jókòó sí."

Fàúsátù ló tóbi jù nínú wa, ó sì mọ̀. "Lónìí náà? Yẹ̀kínì, ṣé èrò ni mí ni, àbí òkúta ìdákọ̀ró?"

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé wa dé Èkó, Àǹtí."

"Kúkú fẹ́ mi, kí n máa jókòó síbẹ̀ títí ayé."

"Ìyàwó mi á pa àwa méjèèjì."

Sìmbíátù tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀ ni tiẹ̀, ọ̀tún ni wọ́n ń fi í sí. Inú ń bí i. Ó ní bí Yẹ̀kínì bá ti ń nawọ́ sí ibẹ̀ fún òun lójú gbogbo èrò, ńṣe ló ń kéde pé ọkọ òun ò fún òun lóúnjẹ. Kàsímù tóun náà ń wa mọ́tò lọ sí Èkó kì í sì í jẹ́ kí Yẹ̀kínì sinmi. Á na ọrùn jáde: "Yẹ̀kínì! Akàn lo rà, o ò ra mọ́tò!"

"Akàn náà ń dé ibi tó ń lọ," Yẹ̀kínì á fèsì, á ṣáná sí i.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí Fàúsátù fi lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọmọ rẹ̀ bímọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a débẹ̀, àpò iyanrìn ńlá kan la bá ní àyè Fàúsátù. Sìmbíátù kúnlẹ̀ níwájú àpò. "Ẹ kú àárọ̀ o, Àǹtí Fàúsátù. Ọmọ tuntun ńkọ́?" Ẹ̀rín pa wá débi tí a ò fi lè gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja wa wọlé.

Nígbà tí a dé nítòsí Ìlàsàn, ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ níwájú. Yẹ̀kínì yà fún un díẹ̀. Èèyàn á di nǹkan mú. Iyanrìn ò lọ́wọ́. Àpò yí gbirigbiri lọ sápá ọ̀tún, mọ́tò náà tẹ̀lé e, ó di inú oko àgbọn. Kò sẹ́ni tó fara pa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ ẹja fọ́n káàkiri, iyanrìn sì dà sórí ti Sìmbíátù.

Kò pariwo. Ó ń gbọn ẹja rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Yẹ̀kínì, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge ni mo ti ń wọ ọkọ̀ rẹ. Ìjì jà lórí ọ̀sà, ẹ̀rù ò bà mí. Lónìí, ẹ̀rù bà mí. Bí mọ́tò yìí ò bá rìn bó ṣe yẹ kó tó dọjọ́ Ajé, ti Kàsímù ni màá wọ̀."

Kò sẹ́ni tó ta ko ọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú wa. Yẹ̀kínì wojú èmi Ìyá Tájù, àgbà wọn. Mo ní, "Àbúrò mi, òótọ́ ló sọ."

Ọ̀dọ̀ Dúró mẹkáníìkì, lábẹ́ igi fúrúǹtù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, ló gba lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ tí wọ́n kírun tán. Èmi àti Sìmbíátù tẹ̀lé e.

"Dúró, sítíárín yìí ló wọ́. Yọ ọ́, kí o fi í padà kó tọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ní jẹ́ kí n wo ìsàlẹ̀ ná?"

"Èmi ni mo ń wà á. Sítíárín ni."

Dúró yọ ọ́, ó fi í padà. Ó tọ́ lóòótọ́, ó dára lójú. Yẹ̀kínì wà á jáde, ó yí padà wálé, ojú rẹ̀ ti fà ro. Táyà ṣì ń han lórí ọ̀dà. Bó bá dẹwọ́ díẹ̀ báyìí, oko àgbọn náà ni mọ́tò ń wá.

Sìmbíátù káwọ́ sáyà. "O ti tún fìlà ọ̀mùtí dé dáadáa. Ọtí ọ̀hún ńkọ́, ṣé ó ti dá lójú ẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ló wọ́, ẹ̀gbọ́n," ni Dúró wí. "Ẹ wá okùn fún mi."

Okùn àwọ̀n ni Yẹ̀kínì lọ mú wá nílé. Dúró nà án le, láti ara táyà ẹ̀yìn dé táyà iwájú. Yẹ̀kínì bẹ̀rẹ̀, ó dijú kan, ó fi èkejì wo okùn lọ. Táyà òsì bá okùn dọ́gba. Ti ọ̀tún ya ẹnu síta. Lójijì ló fọwọ́ lu itan.

"Háà! Báyìí ni bàbá mi ṣe ń na okùn sínú ọkọ̀ tuntun, láti orí dé ìdí. Bí igi rẹ̀ bá wọ́, kì í ní kí èrò sún o! Ọ̀dọ̀ agbẹ́kọ̀ ló ń dá a padà sí. Afẹ́fẹ́ ni mo rò pé mo ń bá jà, Ìyá Tájù. Afẹ́fẹ́ wo ló wà lórí ọ̀dà?"

Bó ṣe di iṣẹ́ nìyẹn. Dúró wọ abẹ́ mọ́tò lọ, ó ń yí ọ̀pá tó ń ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Yẹ̀kínì ń ṣọ́ okùn.

"Díẹ̀ sí i. Díẹ̀ sí i. Ó ti pọ̀ jù, dá a padà. Òun nìyẹn! Má fọwọ́ kàn án mọ́!"

Ẹsẹ̀ tọ́ tán ni sítíárín bá tún dẹ̀gbẹ́, ó kọjú sápá ọ̀tún. Dúró rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó tún yọ ọ́, ó dá a padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ kí Yẹ̀kínì tó ní kó yọ ọ́.

Nígbà tó dọjọ́ Ajé, Kàsímù ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀. "Sìmbíátù, àyè rẹ rèé! Níbí, a kì í wọn èrò ká tó gbé wọn."

Sìmbíátù dúró láàárín mọ́tò méjèèjì, apẹ̀rẹ̀ lórí. Ó bi Yẹ̀kínì pé, "Níbo ni kí n jókòó sí?"

"Ibi tó bá wù ọ́."

Ó wò ó. Ó wo mọ́tò. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún un.

A gbéra. Gbogbo wa ń ṣọ́ etí ọ̀nà lápá ọ̀tún. A kọjá oko àgbọn Ìlàsàn, mọ́tò ò bojú wẹ̀yìn, kò yà síbì kankan. Sìmbíátù ò wí nǹkan kan. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á, ni mo bá yíjú sí i. Ó ti sùn lọ fọnfọn, ó lanu sílẹ̀, orí rẹ̀ wà lára gíláàsì.

Mo fẹ́ jí i, kó wá wo bí mọ́tò ṣe ń lọ. Yẹ̀kínì ti rí i nínú dígí òkè.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Tájù," ó rọra wí, "ẹ jẹ́ kó sùn." Ọbaléndé la tó jí i.