Bàtà Tí Mo Bọ́ Sẹ́nu Ọ̀nà ní Wharf Road

Òórùn sítáàṣì ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá mi ti kó èédú gbígbóná sínú áyọ́ọ̀nù, ó ń lọ búláòsì funfun mi lórí tábìlì tí a fi ń jẹun, oru tó ń rú lára aṣọ náà sì kún inú yàrá wa. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Àmùkòkò ní Èkó láyé ìgbà yẹn kò ní béèrè ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Omi ti gba ojú pópó, ó ti wọ àgbàlá, abọ́ kan tí ẹnìkan gbàgbé síta sì ń léfòó kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná bíi pé ó ní ibi tó ń lọ. Mo jókòó sórí ẹní, mò ń wo ìyá mi.

"Dìde, Bọ́sẹ̀," ló wí láìwẹ̀yìn. "Ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá ẹ̀ ń gbé."

Òwe yẹn kò wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó ń pa á bí mo bá ń pọnmi, ó ń pa á bí mo bá ń kàwé, ó tilẹ̀ pa á lọ́jọ́ tí mo gun àga tí mo já bọ́. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama ni. Bàbá mi ti ń gbẹ́rù ní wáàfù Àpápá kí wọ́n tó bí mi, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì dá òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí a kì í bá nílé di ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti òwúrọ̀ títí dalẹ́, tó ń fetí sí fèrè ọkọ̀ ojú omi. Maṣíìnì ìránṣọ ìyá mi ló ń bọ́ gbogbo wa. Lásìkò kan náà ni ìyá bàbá mi ń ránṣẹ́ láti Ìdànrè pé ojú òun ti ń ṣú, kí wọ́n wá ọmọbìnrin kan fún òun tí yóò máa bá òun gbé. Èmi ni àkọ́bí. Bàbá mi sọ ọ́ fún mi láìgbójú sókè: bí n kò bá ríṣẹ́ kí oṣù náà tó parí, kí n máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́.

N kò kórìíra ìyá àgbà. Ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi ránṣẹ́ sílé báyẹn. Wọ́n ní ọdún kan péré ni, ọdún kan náà á di méjì, ẹgbẹ́ wọn á wọ ilé ìwé gíga, àwọn á ṣì máa sá kòkó. Mo fẹ́ dúró sí Èkó.

Yàrá tó tẹ̀lé tiwa ni Àǹtí Róòsì ń gbé, ọmọ Bẹ́ńdẹ̀lì, tó ń tẹ̀wé fún ilé iṣẹ́ kan ní Wharf Road. Òun ló gbọ́ pé ilé iṣẹ́ aṣojú ọkọ̀ ojú omi kan nítòsí tiwọn, àwọn tó ń bá ọlọ́kọ̀ ṣètò ẹrù àti ìwé rẹ̀ ní wáàfù, ń wá ọmọbìnrin tí yóò máa tọ́jú fáìlì, òun náà ló sì bá mi sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ara rẹ̀ di olùkọ́ mi. Bó bá ti dé láti ibi iṣẹ́, á gbé bẹ́ǹṣì sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, á jókòó bí ọ̀gá, á ní kí n kan ara ilẹ̀kùn kí n wọlé. Ìṣòro mi ni pé bí mo bá ti rí àgbà, orúnkún mi á ti kanlẹ̀ kí ẹnu mi tó là.

"No kneel down for anybody o!" lá á pariwo, á sì fi rúlà gbá mi lórúnkún. "Na office, no be church! Stand straight, look the man for face. You kill person?"

Ìyá mi á dá maṣíìnì dúró. "Róòsì, ṣé o fẹ́ kí wọ́n ní n ò kọ́ ọmọ mi lẹ́kọ̀ọ́ ni?"

"Mama Bọ́sẹ̀, abeg, leave am for me. Office get im own home training."

Ìyá mi á mi orí, á tún padà sídìí aṣọ rẹ̀. "Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun," lá á wí, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni, sí maṣíìnì náà ni. Èmi wà láàárín àwọn méjèèjì. Nígbà tó yá mo ń lá àlá pé mo kúnlẹ̀ sórí tábìlì ọ̀gá, tí gbogbo òṣìṣẹ́ sì ń pàtẹ́wọ́.

Bàtà ni wàhálà tó kù. Sáńdà ilé ìwé mi ti yanu. Àǹtí Róòsì gbé bàtà dúdú rẹ̀ onígìgísẹ̀ kalẹ̀, èyí tí kì í wọ̀ ju ibi ìgbéyàwó lọ. Ó tóbi jù mí, ìyá mi sì ki àjákù àǹkárá sínú rẹ̀ níwájú kí ó lè dúró. Àǹtí Róòsì nàka sí mi lójú: "If this shoe miss, you sef go miss." Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò fi ṣeré.

Báyìí la ṣe jáde sínú omi láàárọ̀ ọjọ́ náà, èmi nínú sílípáàsì rọ́bà, mo ká síkẹ́ẹ̀tì mi sókè dé orúnkún, ìyá mi gbé ọ̀rá tí bàtà wà nínú rẹ̀ lé orí. Bàbá mi dìde lórí àga rẹ̀ nígbà tí a ń kọjá. Ó kàn fọwọ́ tọ́ kọ́là búláòsì mi tí kò wọ́ rárá.

A fẹsẹ̀ rìn kọjá ibùdókọ̀ Boundary bọ́ sí Àpápá, níbi tí títì ti gbẹ tí igi sì wà létí ọ̀nà. Nígbà tí a dé Wharf Road, àwọn tírélà ti tò kalẹ̀ lọ bí ilẹ̀ ṣe lọ, àwọn awakọ̀ ń fọ ẹnu nídìí táyà. Ìyá mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yọ ìgò omi kan látinú báàgì rẹ̀, ó kúnlẹ̀ létí títì níbẹ̀, ìyá mi tó ní kí n máa kúnlẹ̀ fún àgbà, ó da omi sí mi lẹ́sẹ̀, ó sì fi ìborùn rẹ̀ nu àárín ìka ẹsẹ̀ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí nítorí àwọn awakọ̀. Ó wọ bàtà náà sí mi lẹ́sẹ̀, ó kó sílípáàsì mi sínú ọ̀rá.

"Òdìkejì títì ni mo máa dúró sí," ó wí. "Bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní ọmọdé ni ọ́."

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, àwọn ọmọbìnrin mìíràn ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Èyí tó sún mọ́ mi ṣe irun rẹ̀ ní jẹ́rìkọ́ọ̀lù, ó ń ta sánsán, ó sì ń bá ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́ ṣeré lóyìnbó bíi pé wọ́n jọ jẹun alẹ́ àná ni. Mo ń sọ ọ́ sínú: má kúnlẹ̀, má kúnlẹ̀, má kúnlẹ̀. Bàbá mẹ́séńjà kan tó wọ kákí wá pe orúkọ mi, ó sì ṣí ilẹ̀kùn.

Afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ lù mí lójú. Ohun tí mo sì kọ́kọ́ rí ni rọ́ọ̀gì, pupa, tó nípọn, tó gba gbogbo ilẹ̀ yàrá náà láti ògiri dé ògiri. Ní àgbàlá tiwa, lándílọ́ọ̀dù nìkan ló ní rọ́ọ̀gì, ẹnu ọ̀nà la sì ti ń bọ́ bàtà bí wọ́n bá rán wa sí i. Ẹni tó bá gbàgbé, ìyàwó lándílọ́ọ̀dù á fọ́ ọ létí. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó jẹ́ ti aláṣọ funfun, bàtà kì í wọ inú ilé Olúwa. Ẹsẹ̀ mi ti mọ èyí láti kékeré, kò sì dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ orí mi.

Mo wọlé. Mo dúró ṣánṣán. Mo wo ọ̀gá lójú, ọkùnrin sísanra kan tó wọ awò, mo sì wo obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Mo kí wọn lóyìnbó, orúnkún mi kò kanlẹ̀. Inú mi dùn. Wọ́n bi mí ní orúkọ, mo dáhùn. Wọ́n bi mí ní ohun tí aṣojú ọkọ̀ ojú omi ń ṣe, mo rò ó fún wọn bí Àǹtí Róòsì ṣe kọ́ mi. Mo ń rò ó lọ́wọ́ ni mo rí i pé obìnrin náà kò wo ojú mi mọ́. Ilẹ̀ ló ń wò. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ kan ọ̀gá, ọ̀gá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

"Bàtà rẹ dà?" ló bi mí lóyìnbó.

Mo wolẹ̀. Ìka ẹsẹ̀ mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá nìyí lórí rọ́ọ̀gì pupa, tí àjákù àǹkárá aláwọ̀ ìyeyè lẹ̀ mọ́ èyí tó tóbi jù. Orúnkún ni mo ń ṣọ́, ẹsẹ̀ ló tú mi fó. Obìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo bú gbogbo ara mi lọ́kàn. Mo ti rí ara mi ní Ìdànrè, mo ti ń gbọ́ òórùn kòkó.

"Ó wà lẹ́nu ọ̀nà, sà," ni mo dáhùn. "Rọ́ọ̀gì ló wà nílẹ̀."

"Ta ló ní kí o bọ́ ọ?"

"Kò sí, sà. Bí a ṣe ń ṣe nílé nìyẹn."

Ó wò mí títí. "Ta ló sìn ọ́ wá?"

Mo ní ìyá mi ni. Ó ní níbo ló wà. N kò lè purọ́, mo nawọ́ sí fèrèsé. Ó dìde, ó lọ dúró níbẹ̀. Láti ibi tí mo wà, èmi náà rí i: ìyá mi láàárín tírélà méjì, ó gbé ọ̀rá sílípáàsì mọ́ àyà, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà láìṣẹ́jú. Òjò wẹ́wẹ́ ti tún bẹ̀rẹ̀. Kò kúrò lójú kan.

Ọ̀gá pẹ́ nídìí fèrèsé. Nígbà tó yí padà, Yorùbá ló sọ. "Lọ wọ bàtà rẹ. Kí o sì tún wọlé. Má wọlé bí àlejò, wọlé bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbí."

Mo sáré jáde. Bàtà kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, kò sí. Àwọn ọmọbìnrin náà ń wo ẹsẹ̀ mi, oníjẹ́rìkọ́ọ̀lù wo ẹ̀gbẹ́ kan. Iṣẹ́ ń lọ, bàtà oníbàtà náà ti lọ, omijé sì ti dé ojú mi. Ìgbà náà ni bàbá mẹ́séńjà ké láti ìsàlẹ̀: "Ta ló bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà ọ̀gá? Ṣé mọ́ṣáláṣí la wà ni? Mo ti gbé e sábẹ́ àtẹ̀gùn o!" Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, orúnkún méjèèjì, Àǹtí Róòsì kò sí níbẹ̀ láti gbá mi.

Àjákù àǹkárá kan ti sọnù, bàtà òsì sì ń ṣe pákà pákà títí mo fi dé orí rọ́ọ̀gì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó le jù ni ti obìnrin náà: bí oníbàárà bá wọlé tó ń bú mi, kí ni màá ṣe? Gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ.

"Màá kọ́kọ́ kí i, mà," ni mo wí.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ọ̀gá bọ́ awò rẹ̀, ó ní, "Ọjọ́ Ajé. Tòun ti bàtà."

Gìgísẹ̀ mi ti bó nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀. Mo bọ́ bàtà náà, mo gbé e dání, mo sọdá títì láìwọ bàtà. Ìyá mi rí mi, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rò pé wọ́n lé mi ni. Ó fà mí mọ́ àyà. "Ó tó, ọmọ mi. Ìdànrè náà kì í ṣe ọ̀run."

"Mà, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Ó di ara tírélà mú. Omi òjò àti omijé ń ṣàn pọ̀ lójú rẹ̀. Nígbà tí mo ròyìn ọ̀rọ̀ bàtà fún un, èmi ń retí pé yóò bú mi. Ó kàn béèrè pé, "Ṣé rọ́ọ̀gì gidi ni?" Mo ní gidi ni, mà. Ó ju sílípáàsì sílẹ̀ fún mi. "O káre. Ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Ìwọ tún wá mọ ẹsẹ̀ wẹ̀." Ní ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Róòsì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. "All the training wey I train knee," ló ń wí, "na leg come disgrace us!"

Ọdún ti gorí ọdún. Ìyá mi ti sùn, bàbá mi náà ti tẹ̀lé e. Èmi náà ti wá ní ọ́fíìsì tèmi nítòsí èbúté Tin Can, rọ́ọ̀gì wà nílẹ̀ rẹ̀, bàtà mi sì ń tẹ̀ ẹ́ láìronú. Mo lè wo ọkùnrin èyíkéyìí lójú títí tá á fi wolẹ̀. Ọmọ tó dúró lórí rọ́ọ̀gì pupa yẹn kò ní gbà pé èmi ni òun. Nígbà mìíràn èmi náà kì í gbà, àárò rẹ̀ a sì máa sọ mí.

Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá wá fún íńtáfíù, kí n tó bi wọ́n ní ohunkóhun, mo máa ń bi wọ́n pé, "Ta ló sìn ọ́ wá?" Púpọ̀ nínú wọn á ní àwọn nìkan ni, nítorí pé Àǹtí Róòsì tiwọn ti kọ́ wọn. Mo máa ń dìde lọ sídìí fèrèsé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnìkan á wà ní òdìkejì títì, tó gbé ọ̀rá kan mọ́ àyà. Màá ní kí mẹ́séńjà lọ pè é wọlé, kí wọ́n gbé àga fún un.

Lọ́jọ́ tèmi, ìdúró ni ìyá mi wà.