Ìlú Etí Odò Tí Ọmọ Mi Mú Mi Lọ

Ilá ni mo ń rẹ́ lọ́wọ́ nílé ìdáná wa ní Becontree, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin mi ti ibi iṣẹ́ dé, tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, tó ní òun fẹ́ kí àwa méjèèjì rin ìrìn àjò kékeré kan. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nígbà náà, iṣẹ́ fọ́tò egungun ló ń ṣe ní ọsibítù, òun nìkan ló sì kù sọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Ó ní ìlú kékeré kan wà lápá àríwá, létí odò, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òwú láyé àtijọ́. Àwọn ilé ìhunṣọ náà ti di ahoro fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún wọn ṣe, wọ́n ti sọ wọ́n di hòtẹ́ẹ̀lì àti ilé ìjẹun, àwọn èèyàn sì ń lọ gbafẹ́ níbẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀.

"Èmi àti ẹ̀yin nìkan, Mọ́mì," ló wí. "Ẹ kó gbogbo oògùn yín dání o."

Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ló mú kí ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo wẹ̀ wọ́n, mo fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ, mo sì rí bí àwọn ọmọ ṣe ń mú òbí wọn wá. Wọn kì í sọ pé àwọn ń fi wọ́n síbẹ̀. Wọ́n á ní kí wọ́n kàn wá sinmi fún ọjọ́ méjì ni. Wọ́n á kó oògùn wọn dání, wọ́n á bá wọn jókòó mu tíì, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ wo mọ́tò níta, ó parí nìyẹn. Bàbá kan wà tó fi odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ kóòtù òtútù rẹ̀ jókòó, tó ní ọmọ òun ń bọ̀ wá mú òun. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Páńsá ò fura, páńsá já sí iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Èmi náà wá jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn ohun tó ti ń ṣẹlẹ̀ pa pọ̀. Ọmọ yìí ti ń bi mí léèrè bóyá àtẹ̀gùn ilé ń dun orúnkún mi. Ó ti bi mí bóyá ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá dá sùn nílé. Bí fóònù rẹ̀ bá dún, ẹ̀yìnkùlé ló ń lọ dáhùn. Lọ́jọ́ tí mo gbàgbé ẹ̀wà sórí iná tó jó mọ́ ìkòkò, kò bá mi wí rárá. Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí jù.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìyá àdúrà kan lọ nínú ìjọ wa, tó ń gbé ní òpópónà kejì sí wa. Ó mi orí títí, ó ní ọmọ tó bá dàgbà sílùú yìí, kí a máa wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún mi. Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ ilé kan, mo ní tí kò bá gbúròó mi títí ọjọ́ Ajé, kó sọ fún wòlíì ìjọ wa. Mo wá fi páásípọ́ọ̀tù mi sínú ike ìrẹsì, mo da ìrẹsì bò ó, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i gbà. Tí mo bá rántí ara mi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ike ìrẹsì yẹn, ẹ̀rín máa ń pa mí. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹ̀rín níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, a wọ rélùwéè ní Chadwell Heath, a sọ̀ kalẹ̀ láàárín Lọ́ńdọ̀nù, a wọ òmíràn tó lọ sí àríwá. Ọmọ mi ń ka ìwé. Èmi ń kọ orúkọ ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn ìwé ìsìn, kí n lè mọ ọ̀nà ilé fúnra mi.

Ìlú náà dára, mi ò sì fẹ́ kó dára. Odò aláwọ̀ tíì kan gba àárín rẹ̀ kọjá, omi rẹ̀ ń já bọ́ lórí òkúta. Àwọn ilé bíríkì alájà márùn-ún tò sí etí rẹ̀, ọ̀nà èéfín gíga kan dúró láàárín wọn láìsí èéfín kankan. A wọ hòtẹ́ẹ̀lì. Ọmọbìnrin tó wà níwájú ibẹ̀ rí ọmọ mi, ó pe orúkọ rẹ̀, ó ní inú òun dùn pé ó tún padà wá. Tún padà wá kẹ̀! Mo wo ọmọ mi. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Nínú ilé ìwẹ̀ yàrá wa, irin ìdìmú wà lára ògiri, okùn pupa kan sì rọ̀ láti àjà dé ilẹ̀. Mo mọ okùn yẹn: arúgbó tó bá ṣubú ló ń fà á kí agogo lè dún. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ń sáré tọ ìró rẹ̀ lọ. Mi ò tú báàgì mi.

Nígbà tí a jẹun tán, ó ní ẹnì kan ń retí wa. A rìn lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ilé ìhunṣọ náà, obìnrin kan tó gbé fáìlì dání sì pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ bá ẹni tí etí rẹ̀ di sọ̀rọ̀. Ó mú wa wọ ilé kan nísàlẹ̀ pátápátá, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sódò, ó ní kò sí àtẹ̀gùn kankan tí màmá máa gùn.

"Ṣé ibí lo fẹ́ já mi sí?" mo bi ọmọ mi. "Sọ ọ́ lójú mi. Èmi ni mo bí ọ, mi ò ní ṣépè fún ọ."

Kò kọ́kọ́ yé e. Nígbà tó yé e, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

"Mọ́mì, èmi ni. Èmi ni mo fẹ́ máa gbé ibí. Wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ní ọsibítù wọn. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún yín."

Ó ní nítorí orúnkún mi lòun ṣe wá ilé ìsàlẹ̀ àti yàrá onírin ìdìmú, kí ara lè máa tù mí tí mo bá wá kí òun. Ó ní òun ò lè ra ilé tí ojú mi kò rí. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Ìtura náà kò sì pé ìṣẹ́jú kan. Ẹnikẹ́ni ò fẹ́ gbé mi lọ síbì kankan. Nínú ilé tèmi gan-an ni wọ́n ti fẹ́ fi mí sílẹ̀.

Mo nu ojú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé, nítorí mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ògiri tuntun ju tòkè lọ. Mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn irin tó ń mú yàrá gbóná, ògiri ibẹ̀ rin gbindin. Mo bi alágbàtà ilé, àbí kí ni kí n pè é, obìnrin onífáìlì yẹn, bóyá odò ti wọlé yìí rí. Ó ṣí fáìlì, ó pa á dé, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ odi sí i. Ọmọ mi gbójú sókè wò mí bí ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà.

Obìnrin náà ní òmíràn wà ní àjà kẹta, lífìtì sì ń gbé èèyàn débẹ̀. A gòkè. Ọmọ mi kò wo fèrèsé, kò wo ilé ìdáná. Ọwọ́ mi ló ń wò.

"Mọ́mì, ti ibí ńkọ́?"

Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Ó gbẹ bí egungun. Mo sì mọ̀ pé tí mo bá ní omi wà nínú rẹ̀, á gbà mí gbọ́, á bá mi padà sílé lọ́jọ́ Àìkú, bóyá kò sì ní dábàá irú ẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọwọ́ mi wà lára ògiri yẹn títí obìnrin onífáìlì fi wúkọ́.

"Ó gbẹ," ni mo wí. "Gbà á."

Ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́rin báyìí. Ọmọ mi ń gbé àjà kẹta yẹn, ó sì ń pè mí lójoojúmọ́ tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́. Èmi nìkan ni mo ń lọ ra iṣu mi ní Dagenham Heathway. Ìyá àdúrà ṣì ní kí n máa ṣọ́ra, pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Mi ò bá a jiyàn. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ń ṣọ́ ọmọ mi, mi ò sì fura sí ara mi rí títí mo fi dúró níwájú ògiri gbígbẹ. Mi ò tíì sọ ọ́ fún ọmọ mi. Bó bá ka èyí, á mọ ìdí tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí n tó dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn.