Yàrá Ẹni Méjì ní Àgbómẹ̀

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ti ń sọ pé mo máa lọ sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí àwọn ará ilé wa ń pè ní Kùtọnu lápapọ̀. Faransé ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì títí irun fi funfun lórí mi, n kò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ ìlú kan tí wọ́n ti ń sọ ọ́ rí. Ọkọ mi a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Faransé mi dà bí aṣọ inú àpótí, pé ọjọ́ tí mo bá gbé e wọ̀ ni a ó tó mọ̀ bóyá kòkòrò ti jẹ ẹ́. A jọ fẹ́ lọ ni. Ó kú kí a tó lọ.

Mo wá jókòó ti ètò náà fúnra mi. Owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe owó bàálù, nítorí náà mọ́tò ni: láti Ìlọrin dé Èkó, láti Èkó gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ dé Àjàṣẹ́ wọn lọ́hùn-ún tó jẹ́ olú ìlú, kí n wo ààfin àtijọ́ tó wà níbẹ̀, kí n tó kọrí sí Àgbómẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi amọ̀ mọ ìtàn àwọn ọba wọn sára ògiri. Bí mo bá ń padà bọ̀, mo máa yà ní Kétu, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, kí ẹnu mi lè sinmi. Oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà ni mo máa jẹ. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe é ṣe, àfi yàrá. Iye kan náà ni ilé àlejò tí mo rí ní Àgbómẹ̀ lórí fóònù ń gbà, ì báà jẹ́ ẹni kan ló sùn síbẹ̀ tàbí ẹni méjì. Bí mo bá rí ẹnì kejì, a ó jọ san án, ìnáwó náà á sì fúyẹ́. Mo yan "ẹni méjì" nígbà tí mo gba yàrá náà lórí fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnì kejì.

Ká má parọ́, kì í ṣe nítorí owó nìkan. Ilé mi ní GRA tóbi, ó sì dákẹ́. Mọ́tò àwọn aládùúgbò á wọlé, wọ́n á ti géètì, ó parí. Mo fẹ́ ẹni tí a ó jọ máa sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ṣe olùkọ́, tó ń gbé ní Tanke, ní orúnkún òun ò ní gbà. Ọmọbìnrin mi tó wà lókè òkun ní kí n kúkú wò ó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, pé gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo ní ó ṣeun.

Ni mo bá ránṣẹ́ sí agbo ilé ọkọ mi lẹ́yìn Ọjà Ọba pé mo fẹ́ rìnrìn àjò, kí wọ́n bá mi ṣe àdúà, kí wọ́n sì dín wáínà, àkàrà ìrẹsì wa, fún sàráà. Ìrètí mi ni pé láàárín èrò, ẹnì kan á ní òun á bá mi lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹsẹ̀ ò gbèrò. Àwọn ìyàwó ilé dì mọ́ mi, àwọn ọmọ tí n kò mọ̀ rí ń kúnlẹ̀, wọ́n ń kí mi ní Àlájà. Ẹnì kan fi bébà kékeré lé mi lọ́wọ́, orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ló kọ síbẹ̀ fún àdúà. Inú mi dùn débi pé n kò bi ara mi ní nǹkan kan. Ọkọ mi ṣì wà láyé nígbà tí wọ́n yọ̀ mọ́ mi báyìí kẹ́yìn.

Ìgbà tí Àfáà bẹ̀rẹ̀ àdúà ló tó yé mi. Ó ní kí Ọlọ́run gba ìyàwó wa ní àlejò ní Mẹ́kà, kó jẹ́ kó fojú rí Káábà. Ní Ìlọrin wa, bí opó tó ti dàgbà bá ní òun fẹ́ rìnrìn àjò, ta ló tún ń béèrè ibi tó ń lọ? Èmi náà tí mo jẹ́ ọmọ ìlú, ó yẹ kí n ti mọ̀. Gbogbo ilé ń ṣe àmín. N kò lè jẹ́ kí wọ́n máa ṣe àmín sí ohun tí kì í ṣe òótọ́.

"Ẹ forí jì mí, Àfáà," mo wí. "Kì í ṣe Mẹ́kà. Kùtọnu ni mò ń lọ."

Àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ olórí agbo ilé bi mí pé ṣé mọ́tò tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ lọ rà. Mo ní rárá, mo kàn fẹ́ lọ wo ìlú ni. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn. Àfáà, kí Ọlọ́run bù kún un, fi àdúà ìrìn àjò lásán parí rẹ̀. Wọ́n jẹ wáínà, nítorí wáínà ò ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n sì ń dìde lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó fún mi ní bébà rọra wá gbà á padà. Ó dùn mí gan-an, mo fi ẹ̀rín bò ó. N kò tilẹ̀ rẹ́nu béèrè ẹni tó máa bá mi lọ mọ́.

Ìyàwó kékeré bàbá ọkọ mi, ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì, nìkan ló kù lórí ẹní.

"Ta ló ń bá ọ lọ?" ó bi mí.

"Kò sí, Ìyá. Èmi nìkan ni."

"Ṣé ibẹ̀ jìnnà?"

Mo ní ó jìnnà díẹ̀.

"Kò lè jìnnà ju GRA lọ," ó wí. "Látìgbà tí ọkọ rẹ ti kú, a ò rí ọ mọ́."

Ó ń ṣe mí bíi kí n sọ pé ẹ̀yin náà ò wá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí mo padà dé GRA, mo ṣí géètì fúnra mi. Mo jókòó sí pálọ̀, mo mú fóònù, mo sọ ẹni méjì di ẹni kan. Owó yàrá náà ò yí padà.