Àpò Tí Iye Ń Dì fún Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní ilẹ̀ Bùnù, ọmọ tí wọ́n bá rán sí oko á gbé agbọ̀n, á mú àdá, á sì máa lọ. Ilé tiwa nìkan ni wọ́n ti ń gbé àpò kọ́ ọmọ lẹ́yìn. Ìyá mi ló ń dì í. Iye ni à ń pè é, bí àwọn ọmọ agbègbè wa ṣe ń pe ìyá wọn. Ìbáà jẹ́ oko ẹ̀yìnkùlé, níbi tí a ti lè gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gúnyán nínú ilé, Iye ò ní jẹ́ kí á lọ láìgbé àpò náà.

Aṣọ kíjìpá tó ti gbó ló fi rán an. Ìṣáná ló máa ń kọ́kọ́ mú. Á ṣá ẹyọ kan wò ná, kó lè dá a lójú pé kò rin. Á wá fi ọ̀rá wé páálí rẹ̀, á tì í sínú agolo mílíìkì tó ní ìdérí, á tan àbẹ́là, á sì máa kán oje rẹ̀ yí ẹnu agolo náà ká títí á fi dí pa. Lẹ́yìn náà ló máa ń kó ọ̀bẹ sí i, àti iyọ̀ díẹ̀, gààrí, kúlíkúlí, àkísà funfun tó ti sè nínú omi gbígbóná tó sì ti sá gbẹ, àti kèrègbè omi. Fèrè irin kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, irú èyí tí àwọn olùkọ́ máa ń fọn níbi eré bọ́ọ̀lù. Tàpólì kékeré ló máa ń ká lé gbogbo rẹ̀ lórí. A kì í bá a sọ̀rọ̀ tó bá ń ṣe é. 

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fà á. Iye Àgbà ni èmi ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, àwọn méjèèjì ló sì jọ máa ń gun òkè lọ ká èso igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ. Lọ́dún kan, òjò ká wọn mọ́ orí òkè. Iye nìkan ló fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wálé. Àwọn ọdẹ ló gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún àwa ọmọ kò ju pé Iye Àgbà ṣubú, ó sì kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀. Bàbá ọmọ náà ti padà sí Makutu lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì ti fẹ́ ìyàwó mìíràn, nítorí náà ọ̀dọ̀ wa ni ọmọ náà ń gbé. Èmi ni mo dàgbà jù ú lọ. Ẹní kan náà là ń sùn lé.

Inú àbúrò mi yìí kì í dùn sí àpò náà. Bí a bá dé odò, àwọn ọmọ tó ń pọnmi á bi wá bóyá Mẹ́kà là ń lọ. Èmi a máa rẹ́rìn-ín, òun kì í rín. Baba mi náà kò fẹ́ràn àpò náà. Àgbẹ̀ tó ń gbin kọfí ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ nígbà tó ń bá Iye sọ ọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan.

Ó ní, “Ọmọ tó ń lọ já ilá, ò ń di ẹrù ogun fún un. Ẹ̀rù lo ń kọ́ àwọn ọmọ yìí.”

Iye ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́ wọn. Ẹ̀rù kì í pa ọmọ.”

“Àwọn èèyàn ti ń sọ pé orí rẹ kò pé mọ́.”

“Mo ti gbọ́.”

Ó ń kán oje àbẹ́là lọ. Baba mú ọkọ́ rẹ̀, ó jáde.

Nígbà àrọ̀kúrò ọdún tó tẹ̀ lé e, Iye lọ sí ọjà Kabba. Ó ti di àpò náà kó tó lọ, ó fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nígbà tí oòrùn là, Baba ní kí èmi àti àbúrò mi lọ sí oko tó wà ní òdìkejì odò, kí á lọ ru iṣu wá. Mo wo àpò náà, mo wo ojú àbúrò mi. Òun ló lọ mú un.

Ó ní, “Bí a kò bá gbé e, ilé yìí ò ní gbà wá lálẹ́.”

Omi odò kò dé orúnkún nígbà tí a là á kọjá. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di iṣu tán nígbà tí ojú ọ̀run dúdú láti ìhà òkè. Òjò náà kò ṣú pẹ́ kó tó dé. Atẹ́gùn ló kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà ni yìnyín tó ń dunni lórí bí òkúta. Abà oko náà ti wó láti ẹ̀ẹ̀rùn, Baba kò sì tíì tún un kọ́. A sáré lọ sí etí odò pé kí á máa lọ sílé, ṣùgbọ́n omi tí a là kọjá láàárọ̀ ti ń gbé odindi igi lọ. Àbúrò mi ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo fà á ní aṣọ.

Ó ní, “Yóò túbọ̀ kún ni. Jẹ́ kí á kọjá báyìí.”

Mo ní a kò ní kọjá. Ó bínú sí mi, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé mi. Àpáta kan wà lókè oko náà tó yọ etí jáde bí ìbòrí, abẹ́ rẹ̀ la wọ̀. Ibẹ̀ gbẹ, àmọ́ àwa ti rin gbingbin. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àbúrò mi dákẹ́ ẹkún. Ó ń gbọ̀n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, ètè rẹ̀ sì ti di bí eérú. Mo bi í ní ọ̀rọ̀ kan, kò dá mi lóhùn dáadáa. 

Mo tú àpò náà. Mo fi ọ̀bẹ họ oje àbẹ́là kúrò lẹ́nu agolo. Ìṣáná inú rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé orí àjà ló wà. Mo kó ewé gbígbẹ àti ẹ̀ka tí atẹ́gùn ti gbá jọ sábẹ́ àpáta náà, mo ṣá ìṣáná kan, atẹ́gùn pa á. Mo ṣá èkejì, ó mú. Mo bọ́ aṣọ àbúrò mi, mo fi tàpólì wé e, mo sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kí ooru ara mi lè kàn án. A jẹ gààrí. Nígbà tó yá, ó ní kí n sún iná sẹ́yìn, ó ti ń jó òun lẹ́sẹ̀. Mo wá mọ̀ pé ó ti padà bọ̀ sípò.

A ń fọn fèrè. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a rí wọn ní òdìkejì odò, Iye àti Baba. Kò jọ pé Iye ti wọlé rárá láti ọjà, gèlè tó wé lọ ló ṣì wà lórí rẹ̀. Ó ń pariwo ọ̀rọ̀ kan, omi kò jẹ́ kí á gbọ́. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì ń tì wọ́n síwájú, bí ẹni ń lé ewúrẹ́ sẹ́yìn: kí á má sọdá. Mo fi igi tó ń jó hàn án kó lè rí i pé a ní iná. Baba fẹ́ mú un lọ sílé, a rí i bó ṣe ń fà á lápá. Ó jókòó sórí ilẹ̀. Nígbà tí Baba rí i pé kò ní dìde, òun náà jókòó. Bí ilẹ̀ ṣe ṣú, a kò rí wọn mọ́, ṣùgbọ́n bí a bá fọn fèrè, Baba á fi òkúta lu ojú ọkọ́ rẹ̀ láti dá wa lóhùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí oorun fi gbé wa lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, odò ti fà. Baba wọ inú omi wá, ó kọ́kọ́ gbé àbúrò mi kọjá, ó sì padà wá di ọwọ́ mi mú. Mo rò pé Iye á dì mọ́ wa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fọwọ́ kan àbúrò mi lọ́rùn, lọ́wọ́, ní àtẹ́lẹsẹ̀, bí ẹni ń wo ẹran tó fẹ́ rà. Lẹ́yìn náà ló gba àpò náà lọ́wọ́ mi, ó da ohun inú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí agolo. Ó wo inú rẹ̀ pẹ́.

“Ìṣáná mélòó lẹ ṣá?”

Mo ní, “Méjì. Atẹ́gùn pa ọ̀kan.”

“Ọ̀kan ló dá iná yẹn?”

“Ọ̀kan ni, Iye.”

Ó ní, “Ọ̀kan.” Ó mú ẹyọ ìṣáná kan jáde, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. “Ohun tó kéré tó báyìí.”

 Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sì sunkún tó bẹ́ẹ̀ tí Baba kò mọ ohun tí òun lè ṣe. N kò gbọ́ irú ẹkún bẹ́ẹ̀ rí lọ́dọ̀ rẹ̀, kódà nígbà tí a sin Iye Àgbà. Kò yé mi. A ti yè, mo rò pé ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Iye kò se oúnjẹ mọ́. Baba àti èmi là ń sè é. Ó máa ń dùbúlẹ̀, á kọjú sí ògiri, bí a bá kí i á dáhùn, kò ní sọ òmíràn. Àwọn ìyá àdúgbò wá kí i, wọ́n ní kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àpò tí àwọn fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ti gba ọmọ méjì là. Ó ní wọ́n ṣeun.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ló dìde tó wá jókòó ti iná ní ilé ìdáná. Èmi ń bó ẹ̀gẹ́. Àbúrò mi wọlé, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

“Iye Kékeré,” bó ṣe máa ń pè é nìyẹn, “ṣé ìṣáná wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tí ẹ wà pẹ̀lú ìyá mi?”

Mo rò pé Iye á lé e jáde. Ó wò ó.

Ó ní, “Ó wà. Mo ta á mọ́ etí ìró mi. A la odò kan kọjá nígbà tí à ń lọ, omi náà mù wá dé ìbàdí. N kò rántí ìṣáná. Ẹni tó ń lọ ká èso igbá tó fẹ́ padà sílé lọ́sàn-án, kí ni á rántí ìṣáná sí?” Ó ti igi kan sínú iná. “Nígbà tí òjò dé, àpáta ń yọ̀. Ìyá rẹ ṣubú, itan rẹ̀ kán. Mo wọ́ ọ lọ sábẹ́ igi. Mo ṣá ìṣáná yẹn títí gbogbo rẹ̀ fi rún mọ́ mi lọ́wọ́. Òtútù ń mú un. Mo tú ìró mi fún un, ìró náà ti rin. Mo ní kí n lọ pe èèyàn, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má lọ. N kò lọ. Mo ń kígbe níbi tí mo wà títí ohùn mi fi há.”

“Kò sẹ́ni tó gbọ́?”

“Àwọn ọdẹ gbọ́. Wọ́n ní àwọn rò pé ẹyẹ ni.”

Mo ti fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Àbúrò mi kò kúrò lórí ìkúnlẹ̀.

Ó ní, “Bí iná bá wà, ṣé kò ní kú?”

Iye ní, “Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ fún ara mi pé kò sí ohun tí ì bá gbà á là. Ohun tí mo fi ń sùn nìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti rí ìwọ tí o jókòó ti iná ní òdìkejì odò yẹn, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi mọ́.”

Àbúrò mi dìde, ó jáde. Láti ọjọ́ náà, kò bá Iye jókòó mọ́. Á kúnlẹ̀ láàárọ̀, á ní, “Okun o, Iye Kékeré,” bí a ṣe ń kíni ní ilẹ̀ wa, á jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, á sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Lórí ẹní wa, ẹ̀yìn ló ń kọ sí mi. Baba ní bóyá kí òun mú un lọ bá bàbá rẹ̀ ní Makutu.

Iye ní, “Bó bá fẹ́ lọ, kó lọ. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́.”

Kò fẹ́ lọ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, òun fúnra rẹ̀ ló lọ bá Iye pé kó mú òun lọ síbi tí ìyá òun kú sí. Baba ní kì í ṣe ibi tí wọ́n ń mú ọmọdé lọ. Iye ti ń wá agolo. Àwọn méjèèjì ló jọ di àpò lọ́jọ́ náà. Iye di agolo náà mú, àbúrò mi ń kán oje àbẹ́là, nígbà tó fi ààyè kan sílẹ̀, Iye fi ìka hàn án níbẹ̀, ó sì dí i. Wọn kò pè mí kí n bá wọn lọ.

Oòrùn ti rọ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Àbúrò mi kọjá lára wa, ó wọ yàrá lọ, ó sùn. Iye bu omi, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fọ ekuru ẹsẹ̀ rẹ̀.

Baba ní, “Ṣé o fi hàn án?”

“Mo fi hàn án. Ó ní kí n jókòó síbi tí mo jókòó sí lọ́jọ́ yẹn. Mo jókòó. Òun náà dùbúlẹ̀ síbi tí ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, ó di ọwọ́ mi mú. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jù ú sílẹ̀.”

“Ṣé ó ti dárí jì ọ́?”

“Kò sọ. Èmi náà kò bi í.”

 Iye da omi ẹsẹ̀ náà sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ ìró rẹ̀, ó sì wọlé lọ wo ọmọ náà níbi tó sùn sí.