Ẹnu Mi Nínú Fáìlì Ọmọ Mi

Èmi kì í tètè gba ènìyàn gbọ́, n kò sì ní purọ́ pé London ló sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wọn ìrẹsì fún mi, màá tún un wọ̀n nílé. Bí ẹni tí n kò mọ̀ rí bá rẹ́rìn-ín sí mi nínú lift, ọwọ́ mi á ti wà lórí báàgì mi. Ọkọ mi, tó ń wa bọ́ọ̀sì nígbà náà, máa ń sọ pé bí áńgẹ́lì bá kan ilẹ̀kùn wa ní Thamesmead, màá kọ́kọ́ bi í pé ta ló rán an níṣẹ́. Kí ló burú níbẹ̀? Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé, ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń fura sí gbogbo ayé, ẹnì kan ṣoṣo tí mo gbà gbọ́ láìbéèrè ọ̀rọ̀ ni olùkọ́ ọmọ mi.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré nílé, ìyá mi a máa fà mí lọ́wọ́ lọ bá tíṣà, á kúnlẹ̀ kí i, á ní, "Tíṣà, olórí kunkun lọmọ yìí o. Ẹ bá mi bá a wí. Ẹ má dá a sí rárá." Tíṣà á rẹ́rìn-ín, á ní, "Rárá o, Màmá, ọmọ dáadáa ni. Ó ń gbìyànjú." Ìyá mi á ṣe bí ẹni tí kò gbà, ṣùgbọ́n bí a bá ń padà lọ sílé, màá rí i tó ń rẹ́rìn-ín sínú. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìyá á rẹ ọmọ sílẹ̀, tíṣà á gbé e dìde, ọmọ á sì dúró láàárín wọn, á gbọ́ tọ̀tún tòsì. Ìyá wo ló máa dúró níwájú àlejò kó máa yin ọmọ ara rẹ̀? Ṣé ó fẹ́ fi ọmọ náà sẹ́nu ayé ni?

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé àṣà ìyá mi lọ sí ìpàdé òbí ní ọdún àkọ́kọ́ tí ọmọbìnrin mi wọ sẹ́kọ́ńdírì. Ibi iṣẹ́ ni mo ti lọ tààrà, ọmọ náà sì ti ń dúró dè mí ní ilé ìwé. Bàtà ni mo ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Powis Street, ẹsẹ̀ ń ro mí, báàjì ṣọ́ọ̀bù ṣì wà ní àyà mi. Ẹni tó ṣáájú mi lórí ìlà ni ìyá òyìnbó kan tí ilé rẹ̀ kò ju ilẹ̀kùn méjì lọ sí tiwa. Kíláàsì kan náà ni ọmọ rẹ̀ àti ọmọ mi wà. Mo gbọ́ ọ tó ń wí fún olùkọ́ pé ọmọ òun mọ̀wé gan-an, pé ìtìjú ló ń dà á láàmú, pé kí wọ́n máa kì í láyà. Mo pòṣé sínú. Mo ní obìnrin yìí ò tiẹ̀ tijú.

Ó kàn mí. Olùkọ́ náà ni ẹni tó ń bójú tó gbogbo ọmọ ọdún wọn, ọkùnrin pẹ̀lẹ́, onírùngbọ̀n pupa. Ó bi mí pé báwo lọmọ mi ṣe máa ń ṣe nílé. Mo rẹ́rìn-ín, mo tún báàjì àyà mi ṣe, mo sì sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé olórí kunkun ni, pé kì í gbọ́ràn, pé kí wọ́n bá mi bá a wí dáadáa, kí wọ́n má dá a sí. Mo ń retí kó sọ tirẹ̀, kó ní, rárá o, ọmọ dáadáa ni. Kò sọ nǹkan kan. Ó wo ọmọ mi, ó gbé bírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kí n má parọ́, inú mi dùn. Mo ní olùkọ́ gidi nìyí, ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ òbí sí.

Ọmọ náà mọ ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí, nítorí n kì í sọ ọ́ nígbà náà. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ti ń bá bàbá rẹ̀ to àkókò iṣẹ́ bọ́ọ̀sì sórí ìwé, á sì sọ fún un ọjọ́ tí ìsinmi rẹ̀ máa bọ́ sí ní oṣù mẹ́ta òní. Ẹnjiníà ló ní òun fẹ́ dà. Wọ́n fi í sí kíláàsì ìṣirò tó ga jù lọ, òun nìkan ṣoṣo sì ni ọmọ dúdú níbẹ̀. Kíláàsì yẹn ṣe pàtàkì, nítorí àwọn tó wà nínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi sí ìdánwò tó lè fún ọmọ ní A. Ẹni tó bá wà ní kíláàsì ìsàlẹ̀, ìdánwò mìíràn ló máa ṣe, bó sì ti wù kó mọ̀ ọ́n tó, A kò sí nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ náà ń lé wà nínú yàrá kan ṣoṣo yẹn.

Lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ọdún kejì. Ó fèsì fún olùkọ́. Ó wo olùkọ́ ní ìwòkúwò. Ó rẹ́rìn-ín sókè jù. Wọ́n fún un ní káàdì kan tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ sí bí kíláàsì bá ti parí, láti fi jẹ́rìí pé kò hùwà burúkú. Ojú tì mí. Mo gba tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, mo gba ọjọ́ Sátidé lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fọ́ ọ létí lẹ́ẹ̀kan.

"Mummy, o ò kàn understand ni," ó ń sunkún. "Èmi àti àwọn white girls la jọ máa ń talk. Èmi nìkan ni sir máa ń rí."

"Ta lo ń sọ 'o ò' fún? Èmi àti ẹ jọ ń ṣe ẹgbẹ́ ni?"

"Sorry, Mummy. Ẹ ò understand."

Èyí ni mo mú dání. Mo bá a jà títí nítorí ọ̀wọ̀ tí kò fún mi, mo sì jẹ́ kí ohun tó ń sọ bọ́ sílẹ̀. Ojú ìfura tí mo fi ń wo ayé ni mo fi ń wo òun náà. Mo ń wo báàgì rẹ̀, mo ń yẹ ìwé rẹ̀ wò, mo ń bi í pé irú ọ̀rẹ́ wo ló ń kó. Ajá mi ń gbó, ọ̀dọ̀ onílé ló kọjú sí.

Ọ̀rọ̀ omi ló la ojú mi. Ọdún kẹta ni. Wọ́n ní ó bu omi ẹ̀rọ lu ẹlòmíràn ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, wọ́n sì dá a dúró sílé fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kejì, mo pàdé ìyá òyìnbó yẹn nínú lift.

Ó ní, "Mi ò rí ọmọ rẹ kó máa lọ sílé ìwé. Ṣé ara rẹ̀ ò yá?"

Mo ní ara rẹ̀ yá. Mo ń wò ó pé kí ló fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ṣe.

Ó ní, "Ọmọ tèmi ní àwọn méjèèjì ló jọ ń bu omi lu ara wọn. Wọ́n ní kí wọ́n nu ilẹ̀. Ṣé ọmọ rẹ kọ̀ láti nù ún ni?"

Mo bi í bóyá wọ́n kọ lẹ́tà sí i. Ó ní lẹ́tà kẹ̀? Lórí omi?

Lift dé ilẹ̀, ó jáde, èmi kò jáde. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé obìnrin náà ló lọ rojọ́ kí wọ́n lè fi ọmọ tirẹ̀ sílẹ̀. Mo gbé e yẹ̀ wò, kò dúró. Ẹni tó bá ti lọ rojọ́ kò ní wá máa bi mí léèrè bí ọmọ mi ṣe ń ṣe sí. Nígbà náà ni ìfura mi kúrò lára rẹ̀, ó kúrò lára ọmọ mi, ó sì lọ gúnlẹ̀ sí ilé ìwé náà, níbi tí kò dé rí.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ọjọ́ ìsinmi mi ni mo fi ń lọ sí ilé ìwé náà. Mo máa ń wá àwáwí kékeré kan lọ: aṣọ eré ìdárayá tó gbàgbé, fọ́ọ̀mù tí mo fẹ́ dá padà. Àwọn àga kan wà níwájú ọ́fíìsì, níbi tí àwọn ọmọ máa ń jókòó sí bí wọ́n bá lé wọn jáde ní kíláàsì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ, ọmọ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, dúdú ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní ó lè ṣe kòńgẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo tún lọ. Ọmọ mìíràn ni, àwọ̀ kan náà ni. Bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe ń gba ojú wíńdò kíláàsì kọjá, ọmọ òyìnbó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn ìyá léèrè ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lẹ́yìn ìsìn, bí a bá ń wá bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó kọ́kọ́ fẹ́ sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo sọ tèmi ni wọ́n tó sọ tiwọn. Olúkúlùkù wọn ti rò pé ọmọ tòun nìkan ló ń dójú ti òbí, wọ́n sì ti ń fi lẹ́tà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Lẹ́tà tó kẹ́yìn kò ní kí ọmọ mi dúró sílé. Ó ní wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì ìṣirò, kí n wá gbọ́ ìdí rẹ̀. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ kan. Mo mú ọmọ náà dání lọ. Onírùngbọ̀n pupa yẹn náà ló gbà wá lálejò, fáìlì wà níwájú rẹ̀.

Mo ní kí ó sọ fún mi, máàkì mélòó lọmọ mi ń gbà nínú ìṣirò.

Ó ní máàkì rẹ̀ dára, pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ máàkì. Ó ní kíláàsì yẹn ń fẹ́ ọmọ tó lè fara balẹ̀.

Mo ní ọmọ tí wọ́n jọ bu omi lu ara wọn ńkọ́, ṣé ó fara balẹ̀? Kíláàsì ìṣirò kan náà ni wọ́n jọ wà.

Ó ní òun kò lè bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ẹlòmíràn. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni tó ń ṣàánú mi. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò yẹ kó yà mí lẹ́nu, láti ọdún àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ̀, pé èmi gan-an ni mo sọ fún wọn. Ó yí fáìlì náà sí mi. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ni: ìyá rẹ̀ jẹ́rìí sí i pé aláìgbọràn ni nílé, ó sì bẹ̀ wá pé ká má gba gbẹ̀rẹ́ fún un. Lábẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ìyókù tò sí, ìwòkúwò, ẹ̀rín, omi. Ọmọ mi na ọrùn, ó kà á.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi lo ọwọ́ òsì, mo fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀ fún olùkọ́, olùkọ́ náà kò sì mọ̀ pé òun ní ọwọ́ kankan láti nà. Tàbí ó mọ̀. N kò mọ èyí tí mo lè gbàgbọ́ nínú méjèèjì. Ṣé ìyá òyìnbó yẹn náà ò ti bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà, tí gbogbo ohun tó sọ nípa ọmọ rẹ̀ sì di òótọ́? Inú bí mi.

Mo ní, "Ọmọ mi mọ̀wé." Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu mi, nítorí n kò sọ irú rẹ̀ rí lójú àlejò. Mo tún un sọ. Mo sọ ti àkókò iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Mo sọ ti àwọn ọmọ kékeré àwọn aládùúgbò wa tó ń kọ́ ní ìṣirò lórí àtẹ̀gùn. Mo ní kò sí ìwà kan lọ́wọ́ rẹ̀ tí àwọn ọmọ yòókù kì í hù.

Olùkọ́ náà ń mi orí. Bírò rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ kọ èyí náà sílẹ̀," ni mo wí.

Ó ní òun ti gbọ́. Mo ní n kò ní dìde. A jókòó bẹ́ẹ̀ títí ó fi gbé bírò, ó kọ ìlà kan, mo sì ní kí ó jẹ́ kí n kà á. Ó kọ pé ìyá rẹ̀ rò pé ọmọ náà mọ̀wé. Nígbà tí mo rẹ ọmọ mi sílẹ̀, ẹlẹ́rìí ni mí. Nígbà tí mo gbé e dìde, mo kàn ń rò ni.

Lẹ́yìn Àjíǹde, wọ́n gbé e lọ sí kíláàsì ìṣirò ìsàlẹ̀. Ìdánwò ibẹ̀ ló ṣe.

Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà láti ìpàdé yẹn, òkè la jókòó sí. A ti kúrò ní Woolwich kí ọmọ mi tó yíjú sí mi. Ó wá ní, "Mummy, èwo gan-an lẹ believe? Èyí tó wà nínú file, àbí èyí tẹ́ ẹ sọ lónìí?"

"Èyí tí mo sọ lónìí ni."

"So kí ló dé tẹ́ ò sọ ọ́ fún mi rí? Kì í ṣe fún sir o. Fún èmi."

Mo fẹ́ sọ fún un nípa ẹnu ayé. Mo fẹ́ sọ bí ìyá mi ṣe máa ń rẹ́rìn-ín sínú lójú ọ̀nà ilé. Mo yíjú sí i, mo sì rí i pé ó ń wò mí láti òkè délẹ̀, ó ń wá ibi tí irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ mi, bí èmi náà ṣe wo olùkọ́ yẹn ní wákàtí kan sẹ́yìn. Mo mọ ojú yẹn. Ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ.

Mo ní, "Ọpọlọ rẹ pé. Ó pé ju tèmi lọ. Mo ti mọ̀ tipẹ́."

Ó ní, "Okay, Mummy," ó sì kọjú sí wíńdò. Kò gbà mí gbọ́.