Omi Tí Kò Lẹ́ja

Lánàá, mo ṣí àpótí onídíńgí tí mo fẹ́ máa sin ẹja nínú rẹ̀, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí pálọ̀ mi. Òórùn omi rẹ̀, bí òkúta etí odò, gbé mi padà sí Ìkẹ́rẹ́, sílé màmá àgbà.

Àbúrò bàbá mi, tí à ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Èkó, ló gbé irú àpótí onídíńgí bẹ́ẹ̀ dé. Wọ́n pọnmi kún un, wọn ò fẹja sí i. Síbẹ̀, láràárọ̀, wọn á fọ́n oúnjẹ ẹja sínú rẹ̀, wọn á tẹjú mọ́ omi náà, tó ti rí bí omi ògì.

"Kò sẹ́ja ńbẹ̀," ni màmá àgbà sọ sí mi létí. "Ta ló wá ń jẹ ẹ́? Kò níí gbé nǹkankan wọ ulé mi."

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Èkó lọ ra ẹja l'Ákùúrẹ́, màmá àgbà fi gèlè gbàjá, wọ́n dárin ìṣẹ́gun, wọ́n ní kí n bu omi náà dànù. Wọ́n fi ọṣẹ ìfọṣọ fọ díńgí àti òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n da omi kànga sí i, wọ́n kán òróró àdúrà lé e.

"Ó ti mọ́ gaara!" ni Bọ̀ọ̀dá Èkó pariwo bí wọ́n ti dé. "Ó ti gba ẹja báyìí." Wọ́n tú ẹja inú ọ̀rá sínú rẹ̀.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, gbogbo ẹja náà ti yíkùn sókè.

"Mo wí àbí n ò wí?" ni màmá àgbà sọ. "Nǹkan ń bẹ nínú omi yẹn."

Nǹkan wà níbẹ̀ lóòótọ́: ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín tójú ò lè rí, tí Bọ̀ọ̀dá Èkó ń fi oúnjẹ náà bọ́, tí ì bá mú oró ìgbẹ́ ẹja kúrò nínú omi, ìyẹn la fi ọṣẹ pa.

Màmá àgbà ò fẹnu kan oúnjẹ ọwọ́ Bọ̀ọ̀dá Èkó, ọmọ wọn, mọ́ títí wọ́n fi kú.